Owó Tí Wọ́n Yọ Lẹ́yìn Tí Ẹ Ti Dá Ọkọ̀ Padà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àyálò kì í sábà bí ènìyàn nínú níbi tó ti gbé ọkọ̀. Ilé ni inú ti ń bíni. Ẹ ti kúrò ní Málaga tàbí Faro, ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Manchester tàbí Dublin, àwọn ọmọ ti wọlé ẹ̀kọ́, ni fóònù bá dún: owó ti jáde lára káàdì yín, yúrò 463, ilé-iṣẹ́ tó yá yín lọ́kọ̀ ló gbà á. Ẹnikẹ́ni kò pè yín ṣáájú. Ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti há sáàárín àwọn lẹ́tà ìpolówó. Ìgbà tí ẹ wá a kiri lẹ tó rí i, kò sì gùn: àtúnṣe rímù, 290. Owó iṣẹ́ ìwé, 65. Owó ọjọ́ tí ọkọ̀ kò fi ṣiṣẹ́, 108. Ẹ kú ìsinmi o.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fi pariwo ni pé ta ló fún wọn láṣẹ láti fọwọ́ kan káàdì àwọn. Àwọn oníbàárà fúnra wọn ni. Nínú ìwé àdéhùn tí ẹ buwọ́ lù ní káńtà, tàbí tí ẹ fi ìka kọ orúkọ yín sí lójú tábúlẹ́ẹ̀tì nígbà tí àwọn tó tò sẹ́yìn yín ń mí hẹlẹ, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé owókówó tó bá jẹ yọ lórí ọkọ̀ náà, wọ́n lè gbà á lára káàdì tí ẹ fi sílẹ̀. Owó tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ìyẹn, tó sábà máa ń tó yúrò 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò tíì gbà á; báńkì yín kàn dì í mú ni, kí ẹ má baà ná an. Èyí tí wọ́n yọ lẹ́yìn náà ti dé ọwọ́ wọn. Ẹ kò wà ní ipò ẹni tó ń kọ̀ láti sanwó mọ́. Owó tó ti wà lápò ẹlòmíràn lẹ fẹ́ gbà padà, ẹni tí owó sì wà lápò rẹ̀ kì í kánjú.

Ṣùgbọ́n àṣẹ láti gba ohun tó tọ́ kì í ṣe àṣẹ láti gba ohun tó wù wọ́n. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kan ti wà láti 1993 tó sọ pé gbólóhùn tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dè é kò lágbára lórí rẹ̀. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ pé owó àfikún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ gbà; àpótí tí wọ́n ti bá a máàkì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kà, bí wọ́n bá sì ti gba irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà. Àwọn òfin wọ̀nyí kì í jí fúnra wọn, ṣá. Ẹni tó bá pè wọ́n ni wọ́n ń dá lóhùn.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ tú owó náà palẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìrẹ́jẹ. Bí àdéhùn bá ní kí ẹ gba ọkọ̀ pẹ̀lú epo kíkún kí ẹ sì dá a padà pẹ̀lú epo kíkún, tí ẹ wá dá a padà pẹ̀lú epo ìdajì, ẹ jẹ wọ́n lówó epo, ẹ sì jẹ wọ́n lówó ẹni tó lọ bá yín rà á. Ẹ ra epo nílé epo tó súnmọ́ pápákọ̀ òfurufú, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò géèjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó ìtanràn ojú pópó ló máa ń da orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, pàápàá ní Ítálì. Àárín ìlú àtijọ́ ní Florence, Rome, Pisa àti Bologna ni wọ́n ti ya àwọn àdúgbò kan sọ́tọ̀, ZTL ni wọ́n ń pè é, tí ọkọ̀ àlejò kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ní àwọn wákàtí kan. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí igi ìdínà. Kámẹ́rà ló wà lókè, ó ń ya nọ́ńbà ọkọ̀. Àlejò tó ń wá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè yípo wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó má mọ̀ rárá. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á yọ owó lára káàdì rẹ̀ nítorí pé àwọn ọlọ́pàá bèèrè ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, wọ́n sì fún wọn lórúkọ. Owó iṣẹ́ ìwé nìyẹn. Ìtanràn gan-an ṣì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú náà, ó sì lè pẹ́, nítorí òfin Ítálì fún wọn ní ọjọ́ 360 láti fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé ní òkè òkun. Ẹni tó bá rí ìwé kejì á pariwo pé òun ti san án. Kò tíì san án. Gbèsè méjì ni, ẹni méjì ló sì ni wọ́n.

Ohun tí ẹ lè bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ jà lé lórí níbí ni bóyá iye owó iṣẹ́ ìwé náà wà nínú àdéhùn tí ẹ buwọ́ lù, àti bóyá wọn kò gbà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ìtanràn fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú lẹ ti máa bá a jà. Ẹni tí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá wà nínú ZTL kó tètè bèèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n bá òun fi nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kó sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ.

Ara ọkọ̀ tó họ tàbí tó wọnú ni ibi tí ìjà pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni màá sì pẹ́ sí. Kì í ṣe ilẹ̀kùn tó tẹ̀ tàbí iná tó fọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìyẹn, gbogbo ojú ló rí i. Etí rímù ni, níbi tí táyà ti pàdé irin, tí ọkọ̀ ti fara ha òkúta etí títì. Abẹ́ bọ́ńpà iwájú ni, tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Òrùlé ọkọ̀ ni, àti ojú kékeré tí òkúta wẹ́wẹ́ dá sí gíláàsì iwájú. Títì àwọn ìlú àtijọ́ ní Andalucía àti Algarve há, ọkọ̀ tí ẹ gbé sì ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kó tó kàn yín. Ìlà tí ẹni kẹta fà, ẹni kẹfà lè san owó rẹ̀; bí wọn kò bá tíì tún un ṣe, ẹni keje náà lè san án.

Ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní ọkọ̀ kò sì ran ojú lọ́wọ́. Abẹ́ ilé ni wọ́n sábà máa ń to ọkọ̀ sí, iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ náà ni, omi ṣì wà lára rẹ̀. Omi máa ń bo ìlà mọ́lẹ̀. Ẹ wá aṣọ tàbí bébà, ẹ nu ún. Ẹ tan iná fóònù. Wọ́n á ti fún yín ní ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ sí, tí wọ́n fi àmì kéékèèké tọ́ka sí ibi tó ti fara pa tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kán lójú ló fi àwọn àmì náà síbẹ̀. Ẹ mú ìwé yẹn dání, ẹ fi wé ọkọ̀ tó wà níwájú yín.

Fídíò dára ju fọ́tò lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé ọkọ̀ míì lẹ yà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ má dá a dúró títí ẹ ó fi yí i ká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi rímù kọ̀ọ̀kan, kí kámẹ́rà rí etí rẹ̀ yíká, kì í ṣe àárín nìkan. Ẹ gbé fóònù sókè fún òrùlé, ẹ tì í bọ abẹ́ bọ́ńpà. Ẹ wọ inú ọkọ̀, ẹ tanná sí i, ẹ ya géèjì epo, iye kìlómítà àti aago tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí kò sí nínú ìwé wọn, ẹ padà sí káńtà kí wọ́n fi kún un kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá rẹ́rìn-ín pé kò tó nǹkan, pé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní kó fi hàn yín. Bí kò bá fẹ́ fi hàn, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú fọ́tò kí ẹ tó wa ọkọ̀ kúrò. Ímeèlì yẹn ṣòro láti jiyàn lé lórí, torí aago rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ yín, kò sì sí ní ìkáwọ́ wọn.

Ìgbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ tún un ṣe bákan náà, kí pátákó ilé-iṣẹ́ náà hàn nínú fídíò. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wà, kó yẹ ọkọ̀ wò lójú yín, kó fún yín ní ìwé pé kò sí nǹkan. Ibi tí ewu wà ni àpótí tí wọ́n ń ju kọ́kọ́rọ́ sí ní òru, nígbà tí káńtà ti tì. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn sọ pé ọrùn yín ni ọkọ̀ wà títí òṣìṣẹ́ á fi yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn lè jẹ́ agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbá a. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ bá máa gbéra ní ìdájí kò lè sá fún àpótí yìí, nítorí náà fídíò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí yúrò 463 yẹn. Owó mẹ́ta ló so pọ̀ níbẹ̀, ìbéèrè tó kàn kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Lórí 290 rímù: ìwé àyẹ̀wò ìgbà tí ẹ gbé ọkọ̀ dà, ti ìgbà tí ẹ dá a padà dà, fọ́tò tó ní déètì dà, ìwé owó mẹkáníìkì dà? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í fún mẹkáníìkì ní nǹkan. Ìwé iye owó ni wọ́n ní, rímù iye báyìí, bọ́ńpà iye báyìí. Kò burú, bí wọ́n bá ti fi ìwé iye owó náà hàn yín kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Lórí 65: inú gbólóhùn wo nínú àdéhùn ló wà? Lórí 108 ni mo ti rò pé ẹsẹ̀ wọn kì í sábà rinlẹ̀. Owó ọjọ́ tí ọkọ̀ kò fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n pè é, kí wọ́n wá sọ ọjọ́ náà. Rímù tó họ kì í dá ọkọ̀ dúró. Bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, kí ló jókòó?

Ti adójútòfò ni kí n fi sí i díẹ̀, torí òun ni wọ́n ń tà ní káńtà jù. Èyí tó wà nínú owó ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, CDW, kì í bo gbogbo rẹ̀: iye kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé, excess ni wọ́n ń pè é, ó sì lè ju yúrò 1,000 lọ. Ó sábà máa ń yọ táyà, gíláàsì, òrùlé àti abẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ káńtà á fẹ́ ta òmíràn fún yín lójoojúmọ́ tí á sọ iye náà di òfo, owó rẹ̀ sì lè ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ra ti excess níbòmíràn kó tó kúrò nílé ti rà á ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé káńtà kò mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á gba owó wọn lọ́wọ́ rẹ̀ ná, òun á wá lọ gbà á padà lọ́wọ́ adójútòfò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní láti fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Kó gba àwọn ìwé tí mo kà sókè yìí, kó fi ránṣẹ́, kó gba owó rẹ̀. Níbi káńtà yìí kan náà ni wọ́n ti máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ san pọ́ùn tàbí yúrò. Yúrò ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá mú pọ́ùn, àwọn ló máa ṣẹ́ owó náà fún yín, ní iye tó wù wọ́n.

Nípa lẹ́tà, àwa Yorùbá ní ìṣòro kan tó jẹ́ tiwa. Ẹ̀bẹ̀ ló yá wa lára. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ máa ń rí ọ̀nà. Àgbàlagbà kan á dá sí i, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. A wá ń kọ ọ́ sí àwọn ará Sípéènì pé a ní ọmọ mẹ́ta, pé iṣẹ́ alẹ́ la ń ṣe, kí wọ́n má bínú nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ wọn. Ẹni tó ka lẹ́tà náà kò ní àyè kankan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún àánú. Ohun tó rí ni pé oníbàárà ti tọrọ àforíjì nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀, ó sì fi pamọ́ bí ẹ̀rí. Èébú kò sàn ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gbẹ, kò sì gùn:

“Nọ́ńbà àdéhùn mi nìyí. Ẹ gba yúrò 463 lára káàdì mi ní ọjọ́ báyìí. N kò gbà pé mo jẹ yín ní owó náà. Fídíò tí mo yà kí n tó wa ọkọ̀ kúrò, tí mo fi ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, fi hàn pé rímù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti họ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìwé àyẹ̀wò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò tó ní déètì, ìwé owó àtúnṣe, àti ẹ̀rí ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí n kò bá rí owó náà tàbí àwọn ìwé yìí láàárín ọjọ́ 14, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá báńkì mi.”

Lẹ́tà kan, ìránnilétí kan, ó tó. Ẹ má gba orí fóònù yanjú ẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè yín, ẹ fi ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ padà sí wọn ní ímeèlì lọ́jọ́ náà. Ẹ lè rán wọn létí pé ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti àwọn àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà fi ọ̀rọ̀ lọ Avis, Europcar, Enterprise, Hertz àti Sixt, wọ́n sì ṣèlérí àtúnṣe. Ní oṣù kìíní 2017 ni àjọ náà kéde pé àwọn márààrún ti mú ìlérí náà ṣẹ. Ara rẹ̀ ni pé oníbàárà gbọ́dọ̀ láǹfààní láti jiyàn lórí ohun tí wọ́n ní ó bàjẹ́ kí wọ́n tó gba owó rẹ̀. Tí wọ́n bá wá gba tiyín kí wọ́n tó sọ fún yín, ẹ bi wọ́n pé ìlérí yẹn ńkọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà ní káńtà, ohun ìjà tó dára wà ní Pọ́túgàl àti Sípéènì tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀. Ní Pọ́túgàl, òfin 2005 kan sọ ọ́ di dandan fún ilé ìtajà àti ilé-iṣẹ́ tó ń dá aráàlú lóhùn láti ní ìwé ẹ̀sùn kan, Livro de Reclamações, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Bí ẹ bá bèèrè rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ fi dù yín. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò dúró lọ́dọ̀ wọn, ó ń lọ sọ́wọ́ ìjọba, ó sì ti ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ti padà sílé. Ní Sípéènì, hojas de reclamaciones ni wọ́n ń pe tiwọn. Ẹ kò ní láti pariwo. Ẹ kàn bèèrè ìwé náà ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa wo ojú ọ̀gá tó ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Fún ẹni tó ń gbé ní Dublin tàbí ní orílẹ̀-èdè míì nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní Norway tàbí Iceland, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìrànwọ́ oníbàárà kan wà, ECC-Net, tó máa ń bá a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kejì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà ní Manchester kò sí lára wọn mọ́ láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti jáde. Ìmọ̀ràn àtijọ́ tó ń darí ènìyàn sí ojúlé ìpẹ̀jọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Àjọ náà, ODR, ẹ má fetí sí i. Wọ́n ti tì í pa ní 20 oṣù keje 2025.

Ibi tí agbára wà jù, lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Báńkì ni. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò bẹ̀rù yín, ṣùgbọ́n láìsí káàdì, òwò wọn kò lè rìn. Ní Ìlú Ọba, apá 75 nínú òfin Consumer Credit Act ti 1974 sọ pé bí ẹ bá fi káàdì kírẹ́dítì ra ohun tí owó rẹ̀ ju pọ́ùn 100 lọ tí kò sì ju 30,000 lọ, tí ẹni tó tà á wá da àdéhùn, ọrùn báńkì náà ni ẹ̀bi wà bíi tirẹ̀. Àwọn báńkì jiyàn pé òfin yìí kò ré òkun kọjá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, House of Lords, dá wọn lẹ́bi ní 2007: bí ẹ bá rà á ní Sípéènì, ó kàn wọ́n. Ẹ ṣọ́ra, ṣá o, bí ẹ bá gba ọwọ́ alágbàtà yá ọkọ̀. Báńkì lè sọ pé ẹni tí ẹ sanwó fún kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n owó tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yọ lára káàdì náà, kò sí alágbàtà nínú ìyẹn.

Ẹni tó lo káàdì débítì kò ní apá 75, ó ní chargeback. Ìlànà Visa àti Mastercard ni, kì í ṣe òfin ìjọba. Báńkì yín á fa owó náà padà lọ́dọ̀ báńkì tiwọn, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á sì láǹfààní láti fèsì. Ọjọ́ 120 ni wọ́n sábà máa ń fúnni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “a ń yẹ̀ ẹ́ wò” jẹ ẹ́ tán. Ibí ni fídíò yẹn ti ń sanwó ara rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Báńkì á gbọ́ tiyín, á gbọ́ tiwọn, ẹni tó ní ìwé ló máa gbè. Bí báńkì bá kọ̀ yín, tàbí tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ dákẹ́, Financial Ombudsman Service á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́fà lẹ ní láti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn tí báńkì bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹni tó bá fi káàdì báńkì Nàìjíríà yá ọkọ̀, tó bá ti jẹ́ Visa tàbí Mastercard, ìlànà chargeback kan náà ló tẹ̀ lé e. Kó kọ̀wé sí báńkì rẹ̀, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà ní CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ló kàn. Kó sì bèèrè kó tó fò bóyá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á gba káàdì débítì rárá, nítorí ọ̀pọ̀ káńtà ń kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n ní àfi tó bá ra adójútòfò wọn.

Ní Amẹ́ríkà, tóògéètì ni tiwọn. Lágbègbè Miami, kò sí ẹni tó ń jókòó gba owó mọ́. Kámẹ́rà á ya nọ́ńbà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á san tóòlù náà, wọ́n á sì gba owó iṣẹ́ lé e, ìgbà míì fún gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan lẹ gba ibẹ̀ kọjá. Afárá Golden Gate ní San Francisco kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti 2013. Amòfin ìlú náà pe Hertz lẹ́jọ́ ní 2017 nípa irú owó yìí, ọ̀rọ̀ náà sì parí ní 2019 pẹ̀lú mílíọ̀nù 3.65 dọ́là. Ẹ bèèrè ní káńtà bí ènìyàn ṣe ń jáde kúrò nínú ètò wọn. Ní Florida, ẹ lè ra SunPass fúnra yín. Ní Atlanta, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, Hertz bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ UVeye ya ara ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ní 2025. Ẹ̀rọ náà ń rí ohun tí ojú ènìyàn kì í rí. Mi ò rò pé ó burú tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo: bó bá ń ya ọkọ̀ nígbà tó ń jáde àti nígbà tó ń wọlé, ẹ lè bèèrè fọ́tò méjèèjì.

Òfin tiwọn níbẹ̀, Fair Credit Billing Act ti 1974, fún oníkáàdì kírẹ́dítì ní ọjọ́ 60 láti ìgbà tí báńkì ti fi ìwé owó náà ránṣẹ́. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ, sí àdírẹ́sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàn tẹ̀ wọ́n láago kò tíì dáàbò bo ara rẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn. Títí wọ́n á fi parí ìwádìí, ẹ kò ní láti san iye tí ẹ ń jiyàn lé lórí.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá rí i pé ẹ kò ní sùn lé e, wọ́n sábà máa ń fi ìdajì lọ̀ yín, “gẹ́gẹ́ bí ìwà rere sí oníbàárà.” Ẹ má fi ìbínú dáhùn. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ ha rímù náà, tí wọ́n fi ìwé mẹkáníìkì hàn yín, tí wọ́n sì yọ 108 kúrò, mo rò pé kí ẹ gbà. Bó bá jẹ́ pé fídíò yín fi hàn pé ó ti họ tẹ́lẹ̀, kí ni ìdajì fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Lẹ́yìn tí báńkì bá ti dá owó padà, àwọn kan á tún gbé e fún àwọn tó ń gba gbèsè, lẹ́tà olóhùn gíga á máa wọlé. Ilé ẹjọ́ kọ́ ló kọ ọ́. Ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ìpinnu báńkì sí i. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé àwọn tí wọn kò ní yá lọ́kọ̀ mọ́, ẹ lè má sì mọ̀ títí ẹ ó fi dé káńtà míì pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ. Ilé kan náà ló ni Avis àti Budget. Hertz, Dollar àti Thrifty wà lábẹ́ òrùlé kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Enterprise, National àti Alamo. Bí ẹ bá ti bá ọ̀kan jà, kí ẹ tó sanwó fún ìrìn àjò tó kàn, ẹ kọ́kọ́ wo ilé tí èyí tí ẹ fẹ́ lò ti wá.